Ohùn Inú Pápá Òfìfo

Òótọ́ ni. N kò fi iyọ̀ sí i, n kò sì yọ ata kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni mo ń pa, kó wọ bọ́ọ̀sì wá sí Borj Lahmar, kó dé etí òkun níbi tí wọ́n ti ń tún àwọ̀n ṣe, kó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ ní pápá Hilel lọ́dún tí wọ́n ti géètì pa. Wọ́n á kọ́kọ́ wojú ara wọn. Wọ́n á ní kó jókòó, kó mu tíì. Wọn ò ní dá a lóhùn. Èmi tí ilé mi fẹ̀gbẹ́ kan ilé Wided ni mo máa sọ ọ́, nítorí Wided fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, kò sì ní ìdí tó fi máa parọ́ mọ́ ara rẹ̀.

Wided kàwé ìṣirò ní Tunis, ó sì padà wálé, ohun tí àwọn tó kàwé tó bẹ́ẹ̀ kì í sábà ṣe. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa, Hilel, gbà á síṣẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó fi kọ̀ǹpútà ṣírò bí eré ṣe máa rí kí wọ́n tó gbá a. Kì í ṣe àfọ̀ṣẹ o. Á kó èsì eré àtẹ̀yìnwá jọ rẹpẹtẹ, á wo bí ẹgbẹ́ kan ṣe mọ bọ́ọ̀lù gbá sáwọ̀n sí, bó ṣe mọ ilé ṣọ́ sí, ta ló wà nílé, ta ló rìnrìn àjò. Á wá jókòó ti kóòṣì.

“Bí a bá gbá eré yìí nígbà mẹ́wàá, ọ̀gá, mẹ́ta la máa borí.”

Kóòṣì Lasaad, ọkùnrin oníkùn ńlá tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, á yọ gíláàsì ojú rẹ̀. “Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la máa gbá a, Wided. Mẹ́sàn-án tó kù ńkọ́? Ṣé ọ̀run la ti máa lọ gbá wọn?”

Gbogbo wọn á bú sẹ́rìn-ín. Wided náà á rẹ́rìn-ín.

Bàbá Wided ni Shedli, tó ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fún òróró ólífì títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi tẹ̀. Tí ẹ bá rí i lójú pópó, ẹ ò ní yíjú wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀! Ẹ̀yìn àwọ̀n tó kọ ẹ̀yìn sí òkun ló máa ń jókòó sí ní pápá. Bí ọ̀tá bá ti fẹ́ yọ́ gba ẹ̀yìn aṣọ́lé wa, ẹni tó ń fọwọ́ mú bọ́ọ̀lù lẹ́nu àwọ̀n, á ké: “Ẹ̀yìn rẹ!” Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ó máa ń la ariwo gbogbo wa já bí ọ̀bẹ ṣe ń la ẹja. Aṣọ́lé mẹ́rin ló ti gbọ́kàn lé ohùn yẹn, láti orí àwọn tó ti di bàbá àgbà báyìí dórí Saber, ọmọ òní.

Òun àti ọmọ rẹ̀ kì í yé jà lórí rẹ̀. Ìjà ìfẹ́ ni.

“Ṣé o fi ohùn mi sínú ìṣirò rẹ yẹn?”

“Bàbá, mo fi ariwo gbogbo yín sí i. Èrè ilé là ń pè é, àǹfààní tí ẹgbẹ́ tó gbá bọ́ọ̀lù nílé ń rí. Ó ní iye tirẹ̀.”

“Mi ò bi ọ́ léèrè gbogbo wa. Èmi Shedli ńkọ́?”

“Ti ẹnì kan ò lè hàn níbẹ̀, Bàbá.”

“Á jẹ́ pé kọ̀ǹpútà rẹ yadi.”

Nígbà òtútù ọdún náà ni àwọn aláìnírònú kan láàárín wa sọ òkúta lu rẹfirí. Àjọ bọ́ọ̀lù ní kí a ti géètì pápá wa pa títí sáà yóò fi parí. Kí àwọn agbábọ́ọ̀lù máa gbá a fún àga. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, Shedli ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́, ó sì ṣubú. Rọpárọsẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún kú, ahọ́n kú. Ohùn tó máa ń mi pápá kò lè béèrè omi mu mọ́. Bó bá fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, á di ojú. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, á yí i síbi ògiri.

Mbarka ìyàwó rẹ̀ gbé rédíò kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀, kó máa fi gbọ́ bọ́ọ̀lù. “Ohun kan ṣoṣo tó kù tí wọ́n ń gbádùn nìyẹn,” ó ní.

Wided yọ èrè ilé kúrò nínú ìṣirò rẹ̀. Ohun tó yẹ kó ṣe ni. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ti pápá pa káàkiri ayé, ó ti rí i bí ẹni tó wà nílé àti àlejò ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọgbọọgba. Pápá tí kò ní èèyàn kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni. Ó sọ fún Lasaad pé ìyà ń bọ̀.

Hilel borí nínú eré àkọ́kọ́. Wided ní oríire ni. Wọ́n tún borí nínú èkejì, níwájú ẹgbẹ́ tó lágbára jù wọ́n lọ fíìfíì.

“Kọ̀ǹpútà rẹ ń ṣòjòjò ni?” Lasaad bi í. “Fún un ní àgbo mu.”

Ó tún ìṣirò náà ṣe. Ó wá àṣìṣe, kò rí i. Ó bi kọ̀ǹpútà pé èrè ilé mélòó ni Hilel ń jẹ nínú pápá òfìfo yẹn. Iye tó jáde pọ̀ ju ti ìgbà tí pápá kún dẹ́nu lọ. Òòrùn ti ń wọ̀. Ó wo iye náà títí yàrá fi ṣókùnkùn, kò sì dìde tan iná.

Lọ́jọ́ kejì, ó bá Saber aṣọ́lé níbi tí wọ́n ti ń ta búrẹ́dì ẹlẹ́ja. Saber ti fi ata harissa kun ẹnu.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi kí Bàbá o. Ẹ ní mo dúpẹ́.”

“Wọ́n á gbọ́. Kí ni wọ́n ṣe fún ẹ?”

“Ti ọjọ́ Àìkú ni. Ká ní wọn ò ké ni, bọ́ọ̀lù yẹn ti wọlé tán. Ara wọn ti yá nìyẹn, àbí? Ta ló tiẹ̀ ṣí géètì fún wọn?”

Wided rò pé ó ń ṣàwàdà. Ojú rẹ̀ le. “Saber, má fi bàbá mi ṣeré.”

“Èmi kẹ̀? Kí n fi Bàbá Shedli ṣeré? Gbogbo wa la gbọ́ wọn, ẹ̀gbọ́n.”

“Bàbá mi ò tíì kúrò lórí ibùsùn láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣubú. Wọn ò lè sọ̀rọ̀.”

Saber dẹ́kun jíjẹ. Ó wo búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀, ó sì rọra gbé e kalẹ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́,” ó ní, “ẹ má sọ ọ́ fáwọn tó kù.”

Nígbà tí ọjọ́ eré mìíràn nílé pé, Wided lọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòṣì. Ọ̀sán gangan ni. Ẹ̀yin tí ẹ kò bá tíì jókòó nínú pápá òfìfo rí, ẹ má wá a. Ẹ máa gbọ́ bàtà lórí koríko. Ẹ máa gbọ́ èémí àwọn ọmọ náà. Bí Lasaad bá pariwo, ohùn rẹ̀ á lọ kan àga ìhà kejì, á tún padà wá bá a bí ẹni pé ẹlòmíì ló ń sín in jẹ. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, òkun, tó ń mí.

Àwọn àlejò gba bọ́ọ̀lù. Ọ̀kan nínú wọn yọ́ bọ́ sẹ́yìn Saber, kò sẹ́ni tó rí i.

Lójijì, gbogbo ọmọ Hilel tó wà nítòsí àwọ̀n yí orí lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n wo àwọn àga ẹ̀yìn àwọ̀n. Saber ti fò. Ó fọwọ́ gbá bọ́ọ̀lù náà dànù.

Àwọn àlejò kò yíjú. Rẹfirí kò yíjú. Ọlọ́pàá tó dúró ní géètì yíjú, ọmọ ìlú wa ni. Lasaad náà yíjú, ó sì sáré gbójú kúrò bí ẹni tó ṣèèṣì rí ìhòòhò àgbà.

Wided kò gbọ́ nǹkan kan. Òun tó jẹ́ ọmọ bíbí inú Shedli, òun nìkan ni kò gbọ́ nínú àwọn ọmọ ìlú tó wà níbẹ̀.

Nígbà tó délé, Mbarka ń pààrọ̀ ẹ̀wù fún bàbá. Ẹ̀wù náà tutù rinrin fún òógùn.

“Màámi, ṣé wọ́n sọ̀rọ̀ ni?”

“Ọ̀rọ̀ bí i báwo? Ṣé ìwọ náà kọ́ lo gbọ́ ohun tí dókítà wí? Wọn ò fọhùn rárá. Rédíò lásán ni wọ́n ń gbọ́.”

Wided gbé omi fún bàbá. Omi náà kò lọ dáadáa. Ó fi iná fóònù wo inú ọ̀fun rẹ̀. Ọ̀fun náà ti bó, ó pọ́n bí ti ẹni tó ti kígbe láti òwúrọ̀. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì ti jìn sí i ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí lẹ́yìn eré ilé kọ̀ọ̀kan. Wided ti rí i tẹ́lẹ̀. Ó ti pè é ní àìsàn.

Kò sọ fún ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ eré ilé mìíràn tó pé, ó yọ bátìrì rédíò, ó sì sọ pé ó ti bàjẹ́. Bàbá wò ó. Omi bọ́ lójú rẹ̀ kan, èyí tó ṣì gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Lọ́jọ́ yẹn, wọ́n na Hilel nínà ẹ̀gàn. Saber pe Wided láti pápá.

“Wọn ò wá lónìí, ẹ̀gbọ́n,” ó ní. Ó pa fóònù.

Bàbá sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn ó jẹ ọbẹ̀ ọkà báálì tán, ìka ọ̀tún rẹ̀ kan gbéra, ó sì tún padà. Mbarka wólẹ̀, ó fi orí kanlẹ̀, ó ń yin Ọlọ́run. Ó sáré wá bá wa nílé láti sọ fún wa. Àwa náà bá a yọ̀. Ta ni kò ní yọ̀?

Ó dáa. Ẹ̀yin tó ń gbọ́ mi, ẹ ti mọ ohun tó yẹ kí Wided ṣe. Ọmọ ọwọ́ pàápàá mọ̀ ọ́n. Kó sọ rédíò yẹn sínú òkun, ọ̀rọ̀ parí.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá kọ́ irú ẹ̀kọ́ tó kọ́, òfin kan wà tí wọ́n kọ sí i lọ́kàn: ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹgbẹ́ lè fìdí rẹmi. Aláìsàn lè gbádùn. Bí méjèèjì bá ṣe kòńgẹ́ ara wọn lọ́sẹ̀ kan, kí nìyẹn fi hàn? O ní láti dá a padà sí bó ṣe wà, kí o wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀ẹ̀kan péré sí i, o máa mọ̀. Òun ló sọ èyí fún mi fúnra rẹ̀, ó ń sunkún. “Kì í ṣe nítorí Hilel,” ó ní. “Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rò pé nítorí Hilel ni. Mo fẹ́ mọ̀ ni.”

Eré ìkẹyìn ló kù, nílé. Bí Hilel bá pàdánù, wọ́n já sí ìsọ̀rí kejì nìyẹn. Gbogbo ìlú ń gbààwẹ̀ láìjẹ́ oṣù ààwẹ̀. Lasaad pè é láàárọ̀.

“Kí ni ìṣirò wí?”

“Mi ò tíì mọ̀, ọ̀gá. N ó mọ̀ tó bá di ìrọ̀lẹ́.”

“Ìrọ̀lẹ́? Ìrọ̀lẹ́ ni èmi àti ìyá àgbà mi náà máa mọ̀!”

Wided ti fi bátìrì padà sínú rédíò. Ó ní kí Mbarka lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́yìn ọjà, pé òun á jókòó ti bàbá. Nígbà tí ilé pa rọ́rọ́, ó tẹ̀ síwájú ibùsùn.

“Bàbá, ṣé kí n tàn án?”

Bàbá di ojú. Bẹ́ẹ̀ ni.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kó sọ fún un níbẹ̀. Ó yẹ kó ní, “Bàbá, ó ń pa yín.” Kí bàbá fúnra rẹ̀ mọ ohun tó ń rà. Kò sọ ọ́, torí pé bó bá sọ ọ́, ohun tó fẹ́ wò á yàtọ̀. Bóyá bàbá mọ̀. Bóyá kò mọ̀. Ìyẹn ló ń jẹ ẹ́ lára títí dòní.

Ó tan rédíò.

Asọ̀rọ̀ orí rédíò kì í ṣe ọmọ ìlú wa. Ohùn rẹ̀ tutù. Ó ń sọ pé afẹ́fẹ́ ń fẹ́, pé àga òfìfo kò dùn ún wò. Wided kò gbọ́ tirẹ̀. Ẹnu bàbá ló ń wò.

Ẹnu náà là. Kò sí ohùn nínú rẹ̀. Ètè kàn kó jọ, iṣan ọrùn dìde fẹ̀ẹ̀, gbogbo ara gbọ̀n. Ó ṣe díẹ̀ kí ohùn orí rédíò tó dé: “Háà, Saber ti gbá a jáde! Báwo ló ṣe rí ìyẹn?”

Wided gbé ọwọ́ lé bọ́tìnì rédíò. Ọwọ́ rẹ̀ dúró síbẹ̀.

Ẹnu bàbá tún là. Òógùn ń kán sórí ìrọ̀rí. Asọ̀rọ̀ náà tún ké háà. Ní gbogbo ìgbà, ẹnu bàbá ló ń ṣáájú. Ó ti mọ̀ báyìí. Kò sí iyèméjì kankan mọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, ìmọ̀ tó ń wá ti dé. Síbẹ̀ ọwọ́ rẹ̀ kò yí bọ́tìnì. Ó ní òun rò ó pé eré ti fẹ́ parí. Ó ní òun rò ó pé díẹ̀ ló kù, kí òun jẹ́ kó pé.

Rẹfirí fún àwọn àlejò ní wòmí-n-gbá-sí-ọ. Asọ̀rọ̀ dákẹ́. Bàbá la ẹnu, ó la ojú méjèèjì, èyí tó ti kú pẹ̀lú. Ó yí ojú náà sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀. Ẹnu kò padé mọ́.

“Ó mú un! Saber mú un! Ọ̀mì ni! Hilel kò já!”

Kí Wided tó rí ọwọ́ fi pa rédíò, fèrè ọkọ̀ ti gba gbogbo ìlú. Àwọn ọkọ̀ ojú omi náà ń fọn tiwọn. Àwa ará àdúgbò ń dì mọ́ ara wa lójú pópó, a ò mọ̀. Ó ń ké láti ojú fèrèsé, a rò pé ó ń yọ̀ ni. Èmi gan-an juwọ́ sí i.

Ọlọ́run má bínú sí mi.

A kírun sí bàbá lára lọ́jọ́ kejì. Lasaad wá pẹ̀lú gbogbo ẹgbẹ́. Ó di ọwọ́ Wided mú, kò rí àwàdà kankan ṣe. Saber dúró sẹ́yìn pátápátá, kò sì jẹ́ kójú òun àti tirẹ̀ ṣe mẹ́rin. Lẹ́yìn ìsìnkú, Wided yọ bátìrì rédíò, ó gbé e sínú àpótí aṣọ bàbá, ó tì í.

Sáà tuntun bẹ̀rẹ̀, wọ́n ṣí géètì. Ìlú tú yáyá lọ sí pápá. Ìlù, orin, gbogbo wa ń ké bí wèrè. Ṣe ni àwọn ọmọ wa ń gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni tó sọnù sí ìlú onílùú. Wọ́n nà wọ́n. Ọ̀sẹ̀ kejì nílé, wọ́n tún nà wọ́n. Wided béèrè èrè ilé lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà. Òdo ni. Ó dà bíi pé pápá tó kún fọ́fọ́ ti di èyí tí kò sí èèyàn kankan nínú rẹ̀.

Ó lọ bá Saber níbi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ. Òun nìkan ló kù, kò tíì tú okùn bàtà.

“Ẹ ò gbọ́ wa ni?”

“A rí ẹnu yín, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kàn ń là á ni. A ò gbọ́ nǹkan kan.”

“Kò sí nǹkan kan rárá?”

Saber wo ẹnu ọ̀nà. “Èémí,” ó ní. “Bí ti ẹni tó sáré ọ̀nà jíjìn, tí wọn ò sì jẹ́ kó jókòó. Láti ìbẹ̀rẹ̀ eré dé òpin. Lórí ọrùn mi báyìí.” Ó fọwọ́ kan ibẹ̀. “Lónìí, Bàbá sọ̀rọ̀. Jẹ́jẹ́ ni. Kì í ṣe èyí tí wọ́n máa ń ké tẹ́lẹ̀.”

“Kí ni wọ́n sọ?”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀.”

“Saber.”

“Wọ́n ní ó ti rẹ àwọn. Wọ́n ní kí ẹnì kan jọ̀ọ́, bá àwọn pa rédíò.”

Wided kò mọ bó ṣe délé. Ó ṣí àpótí, ó gbé rédíò jáde láàárín aṣọ. Kò sí bátìrì nínú rẹ̀, ó tutù, ó dákẹ́. Ó fi etí tì í. Kò gbọ́ nǹkan kan. Bọ́tìnì rẹ̀ wà níbi pípa, síbẹ̀ ó dì í mú, ó sì yí i síbi pípa náà.

Ọjọ́ Àìkú kọ̀ọ̀kan tí Hilel bá ń gbá bọ́ọ̀lù nílé, kì í jáde. Ojú fèrèsé wa ni mo ti ń rí i. Á jókòó lórí ibùsùn bàbá rẹ̀, rédíò lórí itan, á máa yí bọ́tìnì náà títí rẹfirí á fi fọn fèrè. Bí Saber bá ń bọ̀ láti pápá, á dúró níwájú ilé. Á mi orí sí i, pé rédíò kò tíì pa. Á sì máa lọ.